Olùdarí Tó Fòfin De Èèrà

Ẹ̀yin tí ọ̀gá yín ti mú dúró rí, tó ń sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ yín fi kú, tí ẹ sì tún pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó parí, ẹ wá jókòó. Tiyín ni ìtàn yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá náà lè jókòó, bí àga bá ṣẹ́kù.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ Olùdarí Ìmọ́tótó ní ìlú kan. Ìlú náà ò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n orí ọkùnrin yìí tóbi ju ìlú lọ. Oyè tí ìjọba fi fún un kúrú, kò sì tó o rárá. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì òun báyìí pé: "Olùdarí Àgbà fún Ìmọ́tótó, Ìlera Àyíká, Ojú Àgbàrá àti Gbogbo Ohun Tí Ń Rákò." Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé kò gba ara ilẹ̀kùn. Kápẹ́ńtà fà á gba ara ògiri, "Gbogbo Ohun Tí Ń Rákò" sì bọ́ sórí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn àlejò tí kò mọ̀nà a máa kọ́kọ́ kan ìyẹn.

Bí kò bá sí nítòsí, Gbólóhùn làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan kí a sì dákẹ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kì í ní, "Ẹ fún mi lómi." Yóò wúkọ́, yóò wo òkè àjà, yóò ní: "Ní ìbámu pẹ̀lú ipò tí ọ̀fun mi wà báyìí, àti ní ìrántí ojúṣe gbogbo yín sí ọ́fíìsì yìí, mo rò pé àkókò ti tó kí omi fara hàn." Kó tó parí, ẹni tó lọ bu omi ti dé, ó ti dúró tì í, ọwọ́ ti ń ro ó.

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti gbà pẹ̀lú ọ̀gá kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, àti nígbà tó bá ti sọ ọ́ tán. Ní àràárọ̀, bí mọ́tò Olùdarí bá ti yà wọ ọgbà, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹnì kan á gba báàgì, ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan á máa ní, "Ẹ rọra o, sà, àtẹ̀gùn nìyí," bí ẹni pé àtẹ̀gùn náà ò sí níbẹ̀ lánàá. Bó bá jókòó tán, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé dáadáa lẹ jí?" Bí ọ̀gá bá ní òun jí dáadáa, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ọkùnrin kan jí lójú oorun, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Ta ni irú èyí ò ní bà lórí jẹ́?

Lọ́jọ́ tí nǹkan máa bẹ̀rẹ̀, Alága ìlú ló wá bẹ ọ́fíìsì náà wò. Obìnrin ni Alága yìí, kò fẹ́ràn ariwo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Olùdarí gbé e jókòó, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá, ó wá dìde láti kí i káàbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ayé ti wà nínú ìdọ̀tí, ó rọra ń bọ̀ wá sí ìgbà tí wọ́n bí òun.

"Alága wa ọ̀wọ́n," ó ní, "bí ẹ bá wọ̀tún, ìmọ́tótó lẹ ó rí. Bí ẹ bá wòsì, ìmọ́tótó ni. Bí ẹ bá mí sínú, ìmọ́tótó lẹ fà símú. Bí ẹ bá sì gbé ife tíì yẹn sẹ́nu—"

Alága gbé ife náà sẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mu ún. Ó wo inú rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Èèrà," ó ní.

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Àwọn èèrà wínníwínní, tí kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ, ń léfòó lórí tíì. Àwọ̀ wọn dà bí oyin tí a fomi là, ìdí wọn dúdú díẹ̀. Àwọn yòókù tò lẹ́sẹẹsẹ láti inú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, wọ́n gba ara ògiri, wọ́n gun tábìlì, wọ́n wọ inú àwo ṣúgà, wọ́n sì ń padà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Kí n má tàn yín, àwọn nìkan ló ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ẹ bójú tó o," Alága wí. Ó nuwọ́, ó dìde, ó lọ.

Ẹnu Olùdarí ṣì là sílẹ̀, gbólóhùn tó kù ṣì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ọ̀gá, òkìkí yín ló kàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yín ni."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Olùdarí lákínyẹmí ara. Èèrà! Ohun tí ọmọ ọwọ́ ń fìka tẹ̀ pa! Kò lè jẹun ọ̀sán. Bó bá dijú, ohùn Alága ló ń gbọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, tó borí gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun ti sọ látàárọ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Nínú wọn ni obìnrin kan wà tó ti kàwé lórí kòkòrò inú ilé débi tí ìwé parí. Onímọ̀ Kòkòrò ni wọ́n ń pè é. Olùdarí ti fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, kì í sì í pè é sí ìpàdé, torí obìnrin náà ní ìwà burúkú kan: bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, á dáhùn.

"Sà," ó ní, "kí a kọ́kọ́ mọ irú èèrà tó jẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìta ló ń gbé, oúnjẹ ló ń wá ṣe nínú ilé. Ẹni tó bá dí ojú ihò tó ń gbà wọlé, tó fi omi ọṣẹ nu ipasẹ̀ rẹ̀, ó ti bá a parí. Èyí tí mo rí lára ògiri yín, inú ilé gan-an ló ń gbé, níbi tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyá wọn ò sì í ṣe ẹyọ kan. Bí a bá fín oògùn sí i, díẹ̀ á kú. Àwọn yòókù á pín ara wọn, wọ́n á gbé ìyá kan síbí, wọ́n á gbé òmíràn sọ́hùn-ún. Agboolé kan á wá di àdúgbò. Ṣúgà la máa fi mú wọn. Ká po májèlé mọ́ ọn, kó má le jù, kí àwọn tó ń wá oúnjẹ má kú sọ́nà, kí wọ́n lè gbé e délé fún ìyá wọn. Ó máa gba sùúrù."

Olùdarí rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń káàánú ọmọ tó ṣubú. "Ẹ gbọ́ o. Ọ̀tá gbógun dé, arábìnrin wa ní ká fún un ní ṣúgà." Àwọn òṣìṣẹ́ wo Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wá rẹ́rìn-ín.

"Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀tá yìí?" Olùdarí bi wọ́n.

"Èèrà ni, sà."

"Èèrà kéré." Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. "Kí wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìtàn pé èmi, Olùdarí Àgbà, èèrà ni mo bá jà? Rárá o. Láti òní lọ, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba, ìjàlọ ni kí ẹ máa pè é. Ìjàlọ tó ẹni tí èèyàn ń bá jà."

"Sà, ìjàlọ yàtọ̀," Onímọ̀ Kòkòrò wí. "Inú igbó ni ìjàlọ ti ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹran ló ń bù jẹ. Oògùn tirẹ̀—"

"Arábìnrin, ṣé ìwọ lo mọ orúkọ ọ̀tá mi jù mí lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti dáhùn kó tó mọ ohun tí wọ́n béèrè. Ìgbà kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ ní ọ́fíìsì yẹn nìyẹn, ẹnu rẹ̀ ló ṣì í.

Bí wọ́n ṣe ra oògùn ìjàlọ nìyẹn, èyí tó ń rú èéfín dúdú, tí òórùn rẹ̀ ń ta ènìyàn lójú.

Nílé, ìyàwó Olùdarí gbọ́. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣẹ́ etí aṣọ kan lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ro ogun náà fún un. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ́ mi? Nígbà tí a wà nínú yàrá kan, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di wolé-wolé, tí èèrà bo kọ́bọ́ọ̀dù wa. Ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń tẹ̀lé wọn títí dé ibi tí ògiri ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ po ìyẹ̀fun funfun yẹn mọ́ ṣúgà, ẹ fi sórí ìdérí ìgò. Mo fẹ́ tẹ̀ wọ́n pa, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní kí n má pa oníṣẹ́ tó ń lọ jíṣẹ́ fún wa. Ẹ ní ẹni tó bá farabalẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀."

Olùdarí rántí o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò rántí. Ó rántí ògiri yẹn, ó rántí bí ilẹ̀ ṣe tutù lábẹ́ orúnkún rẹ̀, àti bí inú rẹ̀ ṣe dùn lọ́jọ́ tí kò sí ẹyọ kan mọ́.

"Ìgbà yẹn yàtọ̀," ó ní. "Kò sí ẹni tó ń wò mí nígbà yẹn. Ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó kúnlẹ̀ síwájú ògiri?"

"Èmi pàtẹ́wọ́," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Ìyàwó náà gbẹ́sẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ ogun, gbogbo òṣìṣẹ́ wọ aṣọ kan náà, wọ́n gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Olùdarí dé fìlà ńlá kan tó ní kí wọ́n rán fún òun nítorí ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ nípọn, wọ́n fi òwú há a kó lè ga sókè. Ó gorí àga, ó bá àwọn ìjàlọ tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ìjàlọ! Ẹ ti jẹ, ẹ ti mu, ẹ ti rìn lórí ògiri wa láìgbàṣẹ! Lónìí, ẹ ó mọ̀ pé ìlú yìí ní olùdarí!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà sunkún. Ó mọ ẹkún sun.

Wọ́n fín ọ́fíìsì, wọ́n fín ilé ẹ̀kọ́, wọ́n wọ ilé onílé, wọ́n fín yàrá àti balùwẹ̀, wọ́n fín ilé ìwòsàn títí kan ibi tí àwọn ọmọ tuntun wà. Àwọn ènìyàn jókòó síta, wọ́n ń wúkọ́, omi ń já bọ́ lójú wọn. Èèrà tó wà lójútáyé kú lóòótọ́. Fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, ògiri mọ́ lóló, Olùdarí sì ń rìn bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé oòrùn kọ́ sánmà. Ó ní kí wọ́n ṣètò Ayẹyẹ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ògiri káàkiri pé: "KÒ SÍ ÈÈRÀ NÍBÍ. ÀṢẸ OLÙDARÍ ÀGBÀ."

Ṣùgbọ́n èèrà ò mọ̀wé kà. Ohun tí Onímọ̀ Kòkòrò sọ ló ṣẹ. Àwọn tó wà nínú ògiri ti gbé ìyá wọn, wọ́n ti kó ẹyin wọn, wọ́n ti pínyà. Ilé tí kò ní èèrà rí ní èèrà. Wọ́n wọ inú búrẹ́dì, wọ́n wọ inú rédíò, wọ́n wọ abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n sì ń gba orí bébà tó ní wọn ò sí kọjá.

Ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n dúró níbẹ̀. Gbólóhùn ò dúró. Ó ní, "Èèrà ti tán. Ẹni tó bá tún rí èèrà, ojú ló ń dùn ún." Ó dá Ẹ̀ka Àyẹ̀wò Ojú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin kan wá fẹjọ́ sùn pé èèrà wà nínú oúnjẹ ọmọ òun, wọ́n jókòó tì í, wọ́n kán oògùn sí i lójú méjèèjì, wọ́n wá bi í pé, "Ṣé o ṣì rí i?" Obìnrin náà ní òun ò rí nǹkan kan rárá, àní òun ò rí ọ̀nà ilé. Wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá. Láìpẹ́, kò sí ojú tó ń dun ẹnikẹ́ni mọ́ ní gbogbo ìlú. Ẹ wo ìlera!

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ayẹyẹ náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe Olùdarí sí ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti bímọ. Oṣù ọmọ náà ò pé, ó kéré, wọ́n tẹ́ ẹ sínú yàrá tí wọ́n ń mú gbóná fún irú wọn. Olùdarí sáré wọlé. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ ìkíni jọ nínú mọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọmọ náà, ọ̀rọ̀ náà sì pòórá.

Èèrà tò lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Wọ́n gun aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ. Wọ́n ń wọ abẹ́ òwú tí wọ́n fi bo ìwọ́ rẹ̀, wọ́n ń jáde.

"Nọ́ọ̀sì!" ó kígbe. "Èèrà!"

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú yàrá náà súnmọ́ ọn. Obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun ni. "Níbo, sà?"

"Lára ọmọ! Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Nọ́ọ̀sì wo bébà ara ògiri, ó wo Olùdarí. "Ojú mi dá ṣáká, sà. Àwọn ènìyàn yín ti kán oògùn sí i fún mi. Mi ò rí èèrà mọ́." Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń fi òwú tútù ṣa èèrà náà kúrò lára ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ti ń ṣe é látàárọ̀. "A ti fi ẹsẹ̀ àwọn ibùsùn yìí sínú abọ́ omi kí nǹkan kan má lè gùn wọ́n. Wọ́n wá kó abọ́ náà lọ. Wọ́n ní abọ́ omi ń sọ fún àlejò pé èèrà wà, àlejò Ayẹyẹ Ìṣẹ́gun sì ń bọ̀. Àbí kí n júwe ọ̀nà Ẹ̀ka Àyẹ̀wò Ojú fún yín, sà?"

Olùdarí yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kò tíì kí i.

"Màá jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ lọ sí yàrá mìíràn," ó ní. "Yàrá tìrẹ nìkan. Lónìí yìí."

"Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́?" ọmọ rẹ̀ bi í. Ibùsùn kéékèèké mìíràn wà nínú yàrá náà, ìyá kọ̀ọ̀kan sì jókòó ti tirẹ̀, gbogbo wọn ń wo Olùdarí. "Bàbá, mi ò lọ síbì kankan. Ọ̀la, níwájú gbogbo ènìyàn, ẹ sọ fún wọn pé èèrà wà. Kí wọ́n dá abọ́ omi padà. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá ṣe é. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

"Màá sọ ọ́," ó wí. Lójú ara rẹ̀, òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Alága jókòó sí iwájú, ìyàwó Olùdarí jókòó sí ìlà kejì. Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbé fìlà ńlá náà wá láti inú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Olùdarí ti pàṣẹ pé kí gílóòbù kan máa tàn sí i tọ̀sán-tòru kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó bí wọ́n bá ń kọjá. Fìlà náà gbóná lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, òwú há a. Ẹ̀yin tí ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ Onímọ̀ Kòkòrò ti mọ ohun tó kàn. Olùdarí ò fetí sí i. Ó dé e.

Ó dúró síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀. Ó rántí òwú orí ìwọ́ ọmọ yẹn. "Ẹ̀yin ará ìlú," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, "ó di dandan kí n sọ fún yín—"

Ó dákẹ́ díẹ̀ kó lè fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ni-Sà rò pé ibi ìpàtẹ́wọ́ ti dé. Ó pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà á, gbọ̀ngàn hó yèè, ariwo náà sì wọ Olùdarí létí bí òróró. Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Ọmọ wà lórí ibùsùn, èèrà wà lára ọmọ, àtẹ́wọ́ wà létí rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ló mú.

"—pé kò sí èèrà kan ṣoṣo mọ́ ní ìlú yìí!"

Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

Bóyá ooru orí rẹ̀ ni, bóyá ariwo ni, àwọn tó wà nínú fìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ síwájú orí. Ọ̀kan dé ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn náà wọ́n tú jáde lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n gba ẹ̀yìn etí, wọ́n gba ọrùn, wọ́n wọ inú ẹ̀wù. Olùdarí mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá yún ara ti jẹ́wọ́. Ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Mo lé wọn," ó ní, èjìká rẹ̀ ń fò. "Mo lé wọn láti orí—" ó mi orí, "—títí dé ẹsẹ̀!" Ó fi ẹsẹ̀ kan ha èkejì.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà rí i, ó rò pé ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tuntun ni. Òun náà mi orí, ó fò léjìká, ó ha ẹsẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń mi orí, wọ́n ń fò léjìká, wọ́n ń ha ẹsẹ̀. Àwọn àlejò ń wò wọ́n, wọ́n ń ronú pé bóyá ó yẹ kí àwọn náà ṣe é.

Ọ̀kan wọ Olùdarí nímú. Ó sín. Ó sín lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó figbe ta sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn náà sì dún dé òpópónà: "Èèrà! Ẹ gbà mí o, èèrà!"

Alága dìde, ó gòkè lọ bá a, ó rọra ṣí fìlà náà lórí rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ sí àwọn ènìyàn. Èèrà ń hó nínú òwú, ẹyin wọn funfun wínníwínní, ìyá wọn wà láàárín, kò sí èyí tó ń yára nínú wọn.

"Olùdarí," Alága wí, "kí lẹ rí?"

Ẹnu rẹ̀ là. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn, obìnrin tí wọ́n kán oògùn sí lójú lọ́jọ́sí kígbe: "Ẹ kán oògùn sí i lójú!" Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. Bẹ́ẹ̀ni-Sà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, torí ibi tí ariwo bá wà ni tirẹ̀. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ìyàwó Olùdarí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó ti gba ilé ìwòsàn lọ.

Ìdájọ́ Alága kúrú bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Onímọ̀ Kòkòrò di olórí. Wọ́n dá abọ́ omi padà sábẹ́ àwọn ibùsùn. Gbólóhùn padà sí ipò tó wà nígbà èwe, wolé-wolé lásán, ilé ìwòsàn sì ni wọ́n pín in sí.

Kò kọ́kọ́ lọ. Ó dùbúlẹ̀, ó ní ara òun ò yá, ó ń retí pé àwọn òṣìṣẹ́ á wá kí òun. Ẹyọ ẹnì kan ò wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ṣí aṣọ fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Ẹ wà níbẹ̀, ó wọ́. Ẹ dìde."

Ó ju tọ́ọ̀ṣì sórí ibùsùn fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí pé ó jí ṣe wá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá àwọn ọmọ tuntun, tó ń tẹ̀lé ipasẹ̀ èèrà lọ sẹ́yìn páìpù omi gbígbóná. Ó fi ṣúgà díẹ̀ síbí, ó fi ọ̀rá díẹ̀ sọ́hùn-ún, ó wo èyí tí wọ́n máa yàn. Onímọ̀ Kòkòrò ló po oògùn náà, Gbólóhùn ló ń gbé e sórí ìdérí ìgò, lẹ́yìn páìpù àti sínú ihò ògiri tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé. Bí nọ́ọ̀sì kan bá fẹ́ nu èèrà nù, á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e délé." Lọ́jọ́ kan, ó dìde, ó wúkọ́, ó ní, "Ní ìbámu pẹ̀lú ìrírí tí mo ti ní nínú—" Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Baba, ẹ ṣe é ní kúkúrú, a níṣẹ́." Ó kúnlẹ̀ padà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wò ó láti orí àga. Kì í bá a sọ̀rọ̀ ju kó kí i lọ. Bó bá kí i, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," bí a ṣe ń kí wolé-wolé. Èyí ta á ju ẹ̀rín gbogbo gbọ̀ngàn lọ.

Èèrà kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Wọ́n bo ìdérí ìgò bámúbámú, àwọn ìyá tó wà ní yàrá sì kùn. Lẹ́yìn náà ìlà wọn tínrín. Ó di ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń rìn gbéregbère láìmọ̀nà. Nígbà tí wọ́n máa fi ní kí ọmọ náà máa lọ sílé, ògiri ti ṣófo, kò sì sí bébà kankan lára rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣì ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn páìpù nígbà tí ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ lọ fọwọ́."

Ó fọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́ láìsọ nǹkan mìíràn.

Ó wo ojú ọmọ náà títí. Ẹnu ọkùnrin yìí ò ṣeé yípadà lọ́jọ́ kan: ó gbé àyà sókè, ó wúkọ́, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí a bí ní àkókò tí ìlú yìí wà nínú ìdàrúdàpọ̀ tí kò—"

Ọmọ náà yán. Ó yán gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ètè méjèèjì jìnnà síra, ó pa ẹnu dé, ó sì sùn lọ.

Gbólóhùn dúró. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì jókòó jẹ́jẹ́ kó má bàa jí ọmọ.